Ta Ni Àjèjì Nínú Ìràwọ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń yẹra fún nígbà tí mo bá ń kọ̀wé nípa sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá: àjèjì. Ọ̀rọ̀ náà kò burú o. Ibi tí mo jókòó sí kọ̀wé ló fà á. Treichville ni wọ́n bí mi sí, ní Abidjan níbí. Ọmọ Èjìgbò ni bàbá mi, ọmọ Èjìgbò ni ìyá mi. Ẹni tó bá mọ ìlú yẹn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ̀ pé ó ṣòro láti rí agboolé kan níbẹ̀ tí kò ní ẹni ní Côte d'Ivoire, àti pé àwọn kan níbẹ̀ ń fi Faransé bára wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Adjamé ni wọ́n wà. Anango ni wọ́n ń pè wá níbí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 títí di 2007, àwọn òbí wa ní láti máa mú káàdì kan kiri, carte de séjour, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ECOWAS ni wọ́n. Étranger ni orúkọ tí òfin fún ẹni tó ń mú káàdì náà kiri.

Nígbà tí mo dé yunifásítì, tí mo ń kọ́ físíìsì ní Faransé, mo pàdé ọ̀rọ̀ kan tó bá étranger tan: étrange. Irú kúáàkì kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kúáàkì ni àwọn ègé tín-ín-tìn-ín tó para pọ̀ di pírótọ́ọ̀nù àti nítírọ́ọ̀nù, tí àwọn yẹn sì para pọ̀ di gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Èyí tí wọ́n pè ní étrange kò sí lára wa. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí Yorùbá, àjèjì ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

Èrò mi ni pé kò yẹ kí a pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ̀dùn ọkàn ọmọ Anango nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Físíìsì fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ pè ní ẹlẹ́rìí. Ibì kan wà lójú ọ̀run tí ó jọ pé àwọn tí a ń pè ní àjèjì yìí ti lè di onílé. Àwọn onímọ̀ ṣírò fún ọ̀pọ̀ ọdún pé bí wọ́n bá wọ ilé náà, ilé á wó. Ilé náà wà lórí ìdúró di bí mo ṣe ń wí yìí, wọn kò sì tíì mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilé ọ̀hún. Ìràwọ̀ tó bá tóbi tó ìlọ́po mẹ́jọ oòrùn wa tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í kú ikú ìrọ̀rùn. Iná tó ń jó nínú rẹ̀ ló ń gbé e ró. Bí ohun jíjó bá tán, tí àárín rẹ̀ ti di irin, kò sí ohun tó tún lè dojú kọ òòfà tirẹ̀ mọ́. Àárín náà á wó sínú ara rẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan péré, èyí tó kù níta á bú gbàmù. Wíwó yìí le débi pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á rún wọ inú pírótọ́ọ̀nù, àwọn méjèèjì á sì di nítírọ́ọ̀nù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ìràwọ̀ nítírọ́ọ̀nù. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí James Chadwick rí nítírọ́ọ̀nù ní 1932 ni Walter Baade àti Fritz Zwicky ti kọ ọ́ pé irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wà. Ní 1967 ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Cambridge, Jocelyn Bell, rí àmì rédíò kan tó ń dún léraléra bí agogo, ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀. Ìràwọ̀ nítírọ́ọ̀nù tó ń yí ni. (Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel dé ní 1974, ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n fún. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.)

Kó ohun tó wúwo ju oòrùn wa lọ, oòrùn kan pẹ̀lú nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá òmíràn, kí o sì kó o sínú ohun tí kò fẹ̀ ju láti ìpẹ̀kun Yopougon dé Bingerville lọ, nǹkan bíi kìlómítà 24. Ègé kan péré nínú rẹ̀, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà kan, á wúwo tó nǹkan bíi 400 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Kò sí ibi ìṣàyẹ̀wò kankan lórí ilẹ̀ ayé tí a ti lè kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí orí tábìlì. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wo ìràwọ̀ láti mọ ohun tó wà nínú ọkàn ohun gbogbo.

Kí ló wá ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ró, tí òòfà rẹ̀ kò fi rún un wọlẹ̀? Ẹ rò ó bí ilé alájà gogoro, irú àwọn tó wà ní Plateau. Òfin kan tí Wolfgang Pauli sọ ní 1925 ni pé nítírọ́ọ̀nù méjì kò lè gbé yàrá kan náà. Àjà ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ kún, lẹ́yìn náà ti òkè rẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó tún wà lókè, bí ènìyàn bá sì ṣe ń gòkè sí i ni owó ilé ń wọ́n sí i. Owó ilé tí mò ń wí ni agbára. Àwọn nítírọ́ọ̀nù tó wà lájà òkè ń sáré kíkankíkan nítorí pé kò sí àyè nísàlẹ̀ fún wọn, sáré yẹn ló sì ń ti ògiri síta. Tí wọ́n bá tún súnmọ́ra jù, wọ́n á máa ti ara wọn sẹ́yìn. Títì síta yìí ló ń dojú kọ òòfà. Kò sí òpó mìíràn.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń lọ sí àárín gbùngbùn ìràwọ̀ náà, níbi tí ohun gbogbo ti kì tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta bí kókó átọ̀mù ṣe kì, owó ilé lájà òkè á wọ́n kọjá ààlà. Ìgbà yẹn ni nítírọ́ọ̀nù á rí i pé ó sàn fún òun kí òun di nǹkan mìíràn. Ẹnìkan wà tí a ń pè ní lámídà. Kúáàkì mẹ́ta ló ní, bíi ti nítírọ́ọ̀nù. Méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ irú èyí tó wà nínú nítírọ́ọ̀nù gan-an, ẹ̀kẹta nìkan ni étrange. Nítorí kúáàkì kan yìí, ó fi nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo ju nítírọ́ọ̀nù lọ. Ìyẹn ni pé ó wọ́n láti dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Pauli ka nítírọ́ọ̀nù sí nítírọ́ọ̀nù, ó sì ka lámídà sí lámídà. Ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀, òfìfo ni, àjà ìsàlẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Bí owó àjà òkè bá ti ju owó dídi lámídà lọ, nítírọ́ọ̀nù á kó ẹrù rẹ̀. Lámídà àti àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ní kúáàkì étrange nínú la ń pè lápapọ̀ ní háípẹ́rọ́ọ̀nù. Ní 1960 ni Ambartsumyan àti Saakyan, ní Soviet ìgbà náà, ti ṣírò pé wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú ìràwọ̀ nítírọ́ọ̀nù.

Báwo ni wọ́n ṣe rí orúkọ yẹn gan-an? Ní 1947, George Rochester àti Clifford Butler ní Manchester rí àmì kan nínú àwòrán àwọn ìtànṣán tó ń wá láti òfuurufú, bí lẹ́tà V tí a dojú rẹ̀ dé. Ní ọdún mélòó kan sí i, àwọn irú wọn ti pọ̀, ohun kan sì ń da àwọn onímọ̀ láàmú. Agbára tó bí àwọn nǹkan yìí yára bí mànàmáná. Ó yẹ kí wọ́n kú bí wọ́n ṣe bí wọn, kí ojú tó ṣẹ́. Wọn kò kú bẹ́ẹ̀. Lámídà ń gbé ayé fún nǹkan bí ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Lójú tiwa, ìyẹn kò tó nǹkan kan. Lójú àwọn tó ń ṣírò rẹ̀, ó fi nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá bílíọ̀nù pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1953 ni Murray Gell-Mann ní Amẹ́ríkà àti Kazuhiko Nishijima ní Japan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, orúkọ tí Gell-Mann fi pè é ló sì mọ́ ọn lára di òní.

Ẹ tún èyí gbọ́ o. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní àjèjì ni pé kò tètè kú.

Yorùbá ti ní orúkọ fún ọmọ tó wá sáyé tí a kò retí pé kó pẹ́. A ní odidi àpò orúkọ fún un: Málọmọ́, Dúrójayé, Dúrósinmi, Kòsọ́kọ́. Ní ìta gbangba, lórí ilẹ̀ ayé, àbíkú ni lámídà. Ó ń wá, ó ń lọ. Inú ìràwọ̀ nítírọ́ọ̀nù ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kí lámídà tó lè kú, ó gbọ́dọ̀ fi nítírọ́ọ̀nù tàbí pírótọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ dípò ara rẹ̀, ẹni tó fi sílẹ̀ yẹn sì gbọ́dọ̀ rí yàrá tó ṣófo. Kò sí yàrá. Gbogbo àjà tí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè san ti kún. Bí ọ̀kan bá tilẹ̀ rí ọgbọ́n dá tó sì yí padà, òmíràn á rọ́pò rẹ̀, iye wọn kò ní dín. Ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Kòsọ́kọ́ ń sọ fún un pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ sàréè rẹ̀, kó yáa dúró. N kò tíì rí àlàyé kan ní Faransé tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ohun tí òfin Pauli ń ṣe fún lámídà nínú ìràwọ̀ dáadáa tó orúkọ kan ṣoṣo yẹn. (Kí àwọn ará Èkó má bínú. Kì í ṣe ọba wọn ni mò ń bú.)

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ wá nìyí. Nígbà tí àwọn ayálégbé àjà òkè bá kó lọ sí ìsàlẹ̀ ilé kejì, eré tí wọ́n ń sá dín kù, títì síta sì dín kù pẹ̀lú. Òòfà kò dín kù ní tirẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó ṣírò rẹ̀ rí i pé bí háípẹ́rọ́ọ̀nù bá wọlé, ilé á rọ̀, ìwọ̀n tó lè gbé á sì dín. Àwọn ìṣirò kan sọ pé irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ju nǹkan bí ìlọ́po 1.4 tàbí 1.5 oòrùn lọ kó tó wó di ihò dúdú. Fún ìgbà pípẹ́, èyí kò bí ẹnikẹ́ni nínú, nítorí pé àwọn ìràwọ̀ nítírọ́ọ̀nù tí a ti wọ̀n dáadáa jù lọ wà ní nǹkan bíi 1.4.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2010 dé. Paul Demorest àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi abọ́ rédíò ńlá tó wà ní Green Bank ní Amẹ́ríkà tẹ́tí sí ìràwọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ J1614-2230. Ó ń yí ju ìgbà 300 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, aràrá funfun kan, ìyẹn òkú ìràwọ̀ tí kò tó o tóbi, sì jọ ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Nígbàkigbà tí àmì ìràwọ̀ náà bá ní láti gba ẹ̀gbẹ́ aràrá yìí kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, òòfà aràrá náà á dá a dúró díẹ̀. Láti ara ìdádúró tíńtín yìí ni wọ́n ti mọ ìwọ̀n àwọn méjèèjì. Ìràwọ̀ nítírọ́ọ̀nù náà jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1.97 oòrùn. Ní 2013, òmíràn jáde, J0348+0432, tó jẹ́ 2.01. Èyí tó tún wá ń jẹ́ J0740+6620 wà ní àyíká 2.08. Ilé tí wọ́n ní kò lè gbé ju àjà mẹ́rìnlá lọ ti gbé ogún, ó sì ń yí bí òkòtó.

Ibi tí ẹni tó ń gbé Abidjan yóò ti da etí rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa nìyí, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ní bí àjèjì bá wọlé, ilé á wó." A ti gbọ́ ọ rí. Ní October 1958, kí orílẹ̀-èdè yìí tó gba òmìnira, àwọn ará Dahomey àti Togo ni wọ́n kọlù tí wọ́n sì lé ní ìlú yìí. Ní 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, àìmọye Yorùbá tó ti kọ́lé síbẹ̀ di ẹrù wọn. Ní àwọn ọdún 1990, ọ̀rọ̀ ivoirité gbilẹ̀ níbí, a sì mọ ibi tó bá wa dé. Síbẹ̀, ìkànìyàn 2021 sọ pé nínú àwa mílíọ̀nù 29 tó ń gbé Côte d'Ivoire, ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè yìí lójú òfin.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìràwọ̀ di olóṣèlú. Ìràwọ̀ kì í dìbò. Bí háípẹ́rọ́ọ̀nù bá tilẹ̀ sọ ìràwọ̀ di aláìlágbára lóòótọ́, ìyẹn kò ní sọ ohunkóhun nípa obìnrin tó ń ta aṣọ ní Adjamé. Ohun tí mo fẹ́ kí a fi wé ara wọn ni bí wọ́n ṣe dé ibi ìdájọ́ nínú ìṣirò náà. Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe mọ bí háípẹ́rọ́ọ̀nù yóò ṣe hùwà láàárín àwọn nítírọ́ọ̀nù? Nípa pírótọ́ọ̀nù àti nítírọ́ọ̀nù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni wọ́n ti gbá wọn lu ara wọn láti wo bí wọ́n ṣe ń ta kúrò lára ara wọn. Lámídà ńkọ́? Ó ti kú kó tó dé ibi tí wọ́n fẹ́ gbá a sí. Ìwọ̀nba ìṣàyẹ̀wò díẹ̀ ló wà, púpọ̀ nínú wọn láti àwọn ọdún 1960. Ohun tí a tún mọ̀ ni èyí tó wá láti ara àwọn kókó átọ̀mù tí lámídà kan wọ̀ sí fún ìgbà díẹ̀, irú èyí tí Marian Danysz àti Jerzy Pniewski kọ́kọ́ rí ní Warsaw ní 1952. Láti orí ẹ̀rí bíńtín yìí ni wọ́n ti fo lọ sí àárín ìràwọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìràwọ̀ 2010 jáde, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀. Àkọ́kọ́, bóyá háípẹ́rọ́ọ̀nù kì í wọ inú ìràwọ̀ náà rárá. Èkejì, bóyá kúáàkì fúnra wọn ti tú ká kúrò nínú agboolé wọn ní àárín ibẹ̀, tí kò sí nítírọ́ọ̀nù tàbí lámídà mọ́, tí gbogbo rẹ̀ di ọbẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta ni pé wọ́n wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò mọ ìwà wọn tó: pé bí lámídà bá wà láàárín nítírọ́ọ̀nù méjì, ẹni mẹ́ta náà jọ ń ti ara wọn síta ju bí a ṣe rò lọ, títì yẹn sì ń dá agbára padà fún ilé. Èmi fara mọ́ ẹ̀kẹta, n kò sì dá wà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ló wà ní apá ibẹ̀. Ní CERN, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ALICE ti rí ọgbọ́n mìíràn dá: dípò kí wọ́n gbá lámídà lu pírótọ́ọ̀nù, wọ́n ń wo àwọn méjì tí wọ́n bí papọ̀ nínú ìkọlù kan náà, bí wọ́n ṣe súnmọ́ra tàbí jìnnà síra nígbà tí wọ́n ń jáde lọ. Ní Japan náà, ní J-PARC, wọ́n ti padà sí gbígbá háípẹ́rọ́ọ̀nù lu pírótọ́ọ̀nù pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbàlódé. Nǹkan tó yẹ kó ṣáájú ìdájọ́ ni wọ́n ń ṣe báyìí, wọ́n ń bá àwọn tí wọ́n dá lẹ́jọ́ gbé.

Ẹ̀rí láti ojú ọ̀run náà ń pọ̀ sí i. Ní August 2017, ayé gbọ́ ìgbì òòfà láti ara ìràwọ̀ nítírọ́ọ̀nù méjì tó kọlu ara wọn, bí wọn kò ṣe tẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó kọlura sì jẹ́ ká mọ̀ pé wọn kò tóbi jù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ NICER, tó wà lára ilé àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú láti 2017, wọn fífẹ̀ J0740+6620. Ó wúwo gan-an, síbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ. Àárín rẹ̀ le. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, onílé tàbí àjèjì, kò rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan gbọ́ gbogbo èyí tán lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìràwọ̀ ló máa bá ọ san owó ilé?" Mo ní, "Màmá, owó ilé náà ni mo tilẹ̀ fi ń ṣàlàyé ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà. Ìbéèrè rẹ̀ sì tọ́. Kò sí ẹni tí yóò fi lámídà se ọbẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé ìbéèrè yìí ò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nílùú òyìnbó mọ́ ọ̀dọ̀ wa bákan náà. Àwa nìkan ni wọ́n ń bi bóyá a jẹun tán kí a tó gbójú sókè. Ilẹ̀ Áfíríkà ti wà nínú iṣẹ́ yìí o. Ní Karoo ní South Africa, MeerKAT, abọ́ 64 tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 2018. Ní Kuntunse lẹ́yìn Accra, abọ́ kan tó fẹ̀ ní mítà 32, tí wọ́n kọ́ fún tẹlifóònù lásán tí iṣẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni àwọn ọmọ Ghana àti South Africa tún ṣe tó di etí tí a fi ń gbọ́ ìràwọ̀. Ní 2017 ni wọ́n ṣí i, ìràwọ̀ nítírọ́ọ̀nù sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Nínú orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó bá South Africa dòwò pọ̀ lórí iṣẹ́ abọ́ rédíò ńlá tí wọ́n ń pè ní SKA, Ghana nìkan ló wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò sí Côte d'Ivoire níbẹ̀. Kò sí Nàìjíríà, kò sí Benin, kò sí Togo.

Ohun tí Côte d'Ivoire rí gbà ni orúkọ. Ní 2019, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ìràwọ̀ kan lórúkọ, ìràwọ̀ WASP-15 di Nyamien, pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i ká di Asye, orúkọ Ọlọ́run àti Ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Akan. Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ní orúkọ kì í ṣe abọ́ rédíò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ ilé ìwé kan ní Abobo tó béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí Nyamien wà lójú sánmà, kò sì sí ọmọ kankan tó tíì béèrè ibi tí WASP-15 wà lọ́wọ́ mi.

Èyí ló mú mi padà sórí orúkọ tiwa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ físíìsì ní kí n fi wàhálà sílẹ̀, kí n kàn kọ étrange tàbí strange bó ṣe wà, a kúkú ń pe nítírọ́ọ̀nù ní nítírọ́ọ̀nù. Èsì mi ni pé nítírọ́ọ̀nù kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì parọ́ mọ́ ohun tó ń jẹ́ ẹ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tí nǹkan yìí sì ti ní ìtumọ̀ jù lọ, inú ìràwọ̀ ni. Níbẹ̀, ẹni tó dúró ni. Ẹlòmíràn bá mi sọ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní ìyá tó ti sin ọmọ mẹ́ta nítorí àìsàn ẹ̀jẹ̀ kò ní fẹ́ kí a fi àbíkú ṣeré nínú àpilẹ̀kọ físíìsì. Mo rò ó títí. Nítorí rẹ̀ ni n kò ṣe ní pe háípẹ́rọ́ọ̀nù ní àbíkú nínú ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa kà. Orúkọ tí wọ́n fi ń bẹ àbíkú pé kó dúró ni mo máa mú, nítorí àdúrà ni orúkọ yẹn, kì í ṣe èébú. Kúáàkì málọmọ́. Bí olùkọ́ kan bá rí èyí tó dára jù ú lọ, kó mú un wá. Mo ṣetán láti jà fún Málọmọ́, ṣùgbọ́n n kò ní jà fún un ju bí mo ṣe máa bá àjèjì jà lọ.

Títí a ó fi parí ìjà orúkọ, àwọn abọ́ Karoo kò dákẹ́. Ní January 2024, àwọn tó ń lo MeerKAT kéde ohun kan nínú àkójọ ìràwọ̀ tó ń jẹ́ NGC 1851, tó jìnnà sí wa tó nǹkan bíi 40,000 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀. Ìràwọ̀ nítírọ́ọ̀nù kan tó ń yí ju ìgbà 170 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń bá nǹkan kan jó, nǹkan náà kò sì ní ìmọ́lẹ̀ kankan. Ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín 2.09 àti 2.71 oòrùn. Ó lè jẹ́ ihò dúdú tó kéré gan-an. Bó bá sì jẹ́ ìràwọ̀ nítírọ́ọ̀nù ni, á jẹ́ pé ilé kan wà níbẹ̀ tó gbé ju ogún àjà lọ, àwọn tó kọ̀wé pé háípẹ́rọ́ọ̀nù á wó o yóò sì ní láti wá bíró mìíràn mú. Wọ́n ṣì ń tẹ́tí sí i.